Ẹ ya X-ray kí ẹ tó fọwọ́ wọ́ orúnkún ọmọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Ọ̀rọ̀ orúnkún la gbé wá sójú ewé yín. Ó gùn díẹ̀, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má gé e kúrú jù, torí ibi tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ àìsàn dé ni àwọn òbí máa ń mú un dé.

Bí orúnkún ọmọ ọdún 14 bá wú ní Èkìtì níbí, ì báà jẹ́ ní Òmùò tàbí ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè, orúkọ mẹ́ta ni àìsàn náà máa ń jẹ́ kó tó dé iwájú dókítà. Bí ọmọ náà bá ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù ló ṣe é. Bí kò bá gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní làkúègbé ni. Bí wọ́n bá wá wọ́ ọ títí tí kò lọ, wọ́n á ní ó ti tẹ nǹkan burúkú mọ́lẹ̀. Orúkọ kẹrin, jẹjẹrẹ inú eegun, kì í dé ẹnu ẹnikẹ́ni àfìgbà tí wíwú náà bá ti tó àgbọn. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ sọ, gbogbo ìyókù ń tẹ̀ lé e ni: eegun tó ń dunni lóru, tàbí tó ń wú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ, kí wọ́n tò ó, tàbí kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i, kí wọ́n tó ya X-ray rẹ̀.

Jẹjẹrẹ eegun kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ń ti inú eegun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, mẹ́ta ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Osteosarcoma ni ti àwọn ọ̀dọ́, nǹkan bí ọdún 10 sí 25, ìgbà tí ọmọ ń yára ga. Ibi tí eegun ti ń gùn ló fẹ́ràn: ìsàlẹ̀ eegun itan àti òkè eegun ojúgun, ìyẹn òkè àti ìsàlẹ̀ orúnkún, lẹ́yìn ìyẹn, òkè eegun apá lẹ́bàá èjìká. Ewing sarcoma náà ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, àmọ́ ó fẹ́ràn eegun ìbàdí, eegun ìhà àti àárín eegun gígùn. Ó lè mú ara gbígbóná dání, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tọ́jú ibà títí kí wọ́n tó rántí eegun. Ìkẹta, chondrosarcoma, ara kèrékèré ló ti ń hù, àwọn tó ti lé ní ọdún 40 ló sì sábà máa ń mú. Ó máa ń rọra dàgbà, kì í kánjú.

Ìrora àìsàn yìí ní ìwà tirẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa wá, á máa lọ, wọ́n á fún ọmọ ní parasitamọ́ọ̀lù, á gba iléèwé lọ. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, á wá di ti òru: ọmọ tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tí kò sáré, tí kò fò, á jí láago méjì òru, á di orúnkún mú. Ìrora tí ìsinmi kì í mú lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, ojú kan náà ni ọmọ á sì máa fi ìka tọ́ka sí lójoojúmọ́. Wíwú ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ó máa ń le lábẹ́ ọwọ́, kì í yẹ̀ síbí yẹ̀ sọ́hùn-ún bíi kókó abẹ́ awọ. Awọ orí rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á hàn lára rẹ̀, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Nígbà mìíràn, eegun á kàn dá nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ohun tí kò yẹ kó dá eegun ẹnikẹ́ni.

Àwọn nǹkan mìíràn jọ ọ́. Ìrora ìdàgbàsókè tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ń ní, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń dùn wọ́n, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lálẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á ti máa sáré kiri. Ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde ń jẹ̀rora eegun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrora náà sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ kan; kókó tó ń tóbi sí i kì í ṣe ara rẹ̀. Èyí tó jọ ọ́ jù ni kòkòrò tó wọ inú eegun tó ń ṣọyún síbẹ̀. Òun náà ń wú, ó ń gbóná, ó ń mú ibà wá, dókítà gan-an kò lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró kó dá yín lójú kí ẹ tó lọ. Ìrora eegun tó wà lójú kan, tó ń jí ọmọ lóru, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, X-ray ló kàn. Bí kókó bá ti yọ, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ kankan.

Ìṣubú kì í fa jẹjẹrẹ eegun. Iṣẹ́ tí ìṣubú ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí wọ́n wo ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tó ní in, kò sí ohun tí òbí ṣe tàbí tí kò ṣe tó fà á. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní ìdí tó hàn: ọmọ tó ti ní jẹjẹrẹ ẹyinjú àjogúnbá nígbà tó wà ní kékeré, tàbí ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú ojú ibẹ̀ rí. Kì í ràn. Ẹ lè jọ sùn, ẹ lè jọ jẹun nínú àwo kan náà.

Àwọn tó ń to eegun kì í ṣe ọ̀tá wa; ẹbí àti aládùúgbò wa ni wọ́n. Àmọ́ eegun tí jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀ dà bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀: èèpo dúró, inú ti ṣófo. Bí wọ́n bá fi ipá wọ́ ọ, ó lè dá. Bó bá sì dá, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ẹran àyíká rẹ̀ máa ń gbé jẹjẹrẹ dání, ibi tí dókítà máa gé kúrò á wá gbòòrò sí i, ẹsẹ̀ tí ì bá ṣeé dá sí lè di èyí tí wọ́n máa gé. Omi gbígbóná àti róòbù ń bó awọ tó ti fẹ́lẹ́ lórí kókó. Gbẹ́rẹ́ ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò, ọmọ tó sì ní egbò tó ń ṣọyún kò ní lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lásìkò. Ọparun tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ pinpin lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró títí ẹsẹ̀ á fi kú. Síbẹ̀, nínú gbogbo rẹ̀, ọjọ́ tó ń lọ ló burú jù. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọ́ ẹsẹ̀, jẹjẹrẹ kò fi jókòó. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń wá.

X-ray wà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti ìpínlẹ̀ wa ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Àwòrán ọ̀nà méjì ni kí wọ́n yà, ti iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́, kí oríkèé tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ sì hàn nínú rẹ̀. Ó ní ìdí tí a fi sọ ọ́: ọmọ lè máa sọ pé orúnkún ló ń dun òun, kí ó jẹ́ ìbàdí gan-an ni àìsàn wà. Lára eegun tó dá ṣáká, etí rẹ̀ máa ń funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò já níbì kankan. Lára eegun tó ní osteosarcoma, etí yẹn ti fọ́, eegun tuntun ń yọ jáde lára rẹ̀ bí ìtànṣán oòrùn, awọ tó bo eegun sì gbé sókè ní igun kan bí òrùlé. Ti Ewing lè ní ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà. Ti kèrékèré máa ń ní àmì tótòtó bíi gúgúrú nínú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè rọ́pò àwòrán yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní ALP àti LDH lè ga, wọ́n sì lè wà ní déédéé kí jẹjẹrẹ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Bí X-ray bá mú ìfura wá, ẹ béèrè dókítà eegun tó mọ iṣẹ́ kókó. Ilé ìwòsàn eegun Igbobi ní Èkó àti ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n lè darí yín sí. Wọ́n á ní kí ẹ ya MRI, àwòrán tí ẹ̀rọ òòfà ń yà, ti gbogbo eegun náà láti oríkèé dé oríkèé, torí kókó kékeré kejì lè sá pamọ́ sókè nínú eegun kan náà. Wọ́n á ya CT àyà, ìyẹn X-ray tó ń fi inú ara hàn ní ìpele ìpele, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn yìí ń kọ́kọ́ sá lọ. MRI yẹ kó ṣáájú mímú ẹran fún àyẹ̀wò, torí ẹ̀jẹ̀ àti wíwú tí abẹ́rẹ́ bá fà máa ń da àwòrán rú. Láàárín àkókò yìí, kí ọmọ má fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Bí apá ni, kí ó gbé e kọ́ ọrùn. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà, ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí mímú ẹran fún àyẹ̀wò, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ti ń lọ láìnídìí. Kò sí dókítà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ eegun láìjẹ́ pé wọ́n mú díẹ̀ nínú kókó náà wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ńlá tó ń mú ẹran jáde tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà ń lò. Ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ tàbí abẹ bá gbà wọlé ti di ibi tí wọ́n máa kà mọ́ jẹjẹrẹ, wọ́n á sì gé e mọ́ kókó lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ ńlá. Ìdí rèé tó fi yẹ kó jẹ́ dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá náà ló máa mú un, tàbí kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ilà sí ibi tí wọ́n máa gbà. Bí wọ́n bá máa là á, ní òòró ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ní ìbú. Ibi tí wọ́n bá ti rò pé ọyún ni, tí wọ́n là á ní ìbú kí ọyún lè jáde, tí ó wá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ àti ẹran rírọ̀ ló tú jáde, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn: dókítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní lè gé ilà ìbú yẹn kúrò kí awọ tó kù tó o bo eegun.

Lẹ́yìn náà ni igo. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbátan aláìsàn ni wọ́n máa ń gbé igo lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ wò ó kí ẹ tó gbé e. Igo ẹlẹ́nu gbòòrò ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ipá ti ẹran bọ̀. Formalin ìdá 10 nínú 100 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀; òórùn rẹ̀ máa ń ta sí imú, ẹ ò ní ṣì í mọ̀. Ó yẹ kó tó ìlọ́po 10 ẹran náà, kó bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Omi lásán kò lè rọ́pò rẹ̀, omi dúrípù kò lè rọ́pò rẹ̀, ògógóró náà kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹran á bàjẹ́, èsì á jáde pé kò ṣeé kà, wọ́n á sì tún gún ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Orúkọ, nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ orí, eegun wo, ọ̀tún tàbí òsì, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára igo fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ìdérí, nítorí ìdérí máa ń ṣípò lórí tábìlì. Kí fíìmù X-ray bá igo náà lọ, torí onímọ̀ tó ń wo ẹran eegun láìrí X-ray, ojú kan ló fi ń wò. Bí dókítà bá sì ń fura sí kòkòrò, ẹyọ kan gbọ́dọ̀ lọ lọ́tọ̀ nínú igo tó mọ́ tí kò ní formalin rárá, torí formalin máa pa kòkòrò tí wọ́n ń wá.

Èsì yìí kì í yá. Eegun le, wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi ásíìdì mú kó rọ̀ kí ọ̀bẹ tó lè gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyẹn sì lè gba ọjọ́ mélòó kan títí dé ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa lọ béèrè. Àmọ́ ẹ má torí pé ó pẹ́ gbé ọmọ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀.

Ìtọ́jú osteosarcoma máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kímò, lẹ́yìn náà iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà kímò. Oògùn mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù: doxorubicin, cisplatin àti methotrexate. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 10 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 lẹ́yìn rẹ̀. Methotrexate tí wọ́n ń lò fún un pọ̀ débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa fi leucovorin gba ara sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n, oògùn méjì yòókù ni wọ́n máa lò, ó sì sàn bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n fún ọmọ ní methotrexate láìwọ̀n ọ́n. Gíga ọmọ àti bó ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn, nítorí náà kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Ọmọ tó ti rù kò gbọ́dọ̀ gba iye oògùn ìgbà tó sanra.

Àwọn òbí máa ń béèrè pé bí wọ́n bá ti máa gé kókó kúrò, kí ni ti kímò? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tí X-ray rí kókó, irúgbìn rẹ̀ tí ojú kò lè rí ti sábà wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ṣáájú àwọn ọdún 1970, nígbà tó jẹ́ pé gígé ẹsẹ̀ nìkan ló wà, nǹkan bí 2 nínú 10 ló ń yè. Lónìí, níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú pé, tí àìsàn kò sì tíì hàn ní ẹ̀dọ̀fóró, 6 sí 7 nínú 10 ló ń lò ju ọdún 5 lọ. Bó bá ti hàn níbẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, iye náà á já sí nǹkan bí 2 sí 3. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tún yẹ kókó tí wọ́n gé wò. Bí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti kú, kímò ti ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ti Ewing, oògùn márùn-ún ni wọ́n máa ń pàrọ̀ síra wọn: vincristine, doxorubicin, cyclophosphamide, ifosfamide àti etoposide. Ìtànṣán ń ran Ewing, kò fi bẹ́ẹ̀ ran osteosarcoma. UCH àti LUTH, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní Èkó, wà lára ibi tí ìtọ́jú onítànṣán wà. Chondrosarcoma kò sábà gbọ́ ti kímò tàbí ti ìtànṣán. Kí wọ́n gé e kúrò pẹ̀lú ẹran tó dára ní àyíká rẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Doxorubicin pupa bíi sóbò. Ìtọ̀ ọmọ lè pọ́n fún ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ pupa lẹ́yìn ifosfamide tàbí cyclophosphamide lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ẹ ké sí nọ́ọ̀sì. Bí doxorubicin bá ń wọlé tí ọmọ sì sọ pé ojú abẹ́rẹ́ ń ta òun, ẹ má ní kí ó fara dà á: bí oògùn náà bá jò síta iṣan, ó máa ń jẹ ẹran títí dé eegun. Kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Oògùn yìí kan náà lè ba ọkàn jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yàwòrán ọkàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Cisplatin ń bá kíndìnrín àti etí jà. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi púpọ̀ sí ọmọ lára, kí ó máa tọ̀ dáadáa, kí wọ́n sì máa yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ilé ló ṣe pàtàkì jù níhìn-ín. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò jà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ara. Bó bá ti kan 38°C, ilé ìwòsàn ni, ní wákàtí yẹn, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má kọ́kọ́ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù láti wò ó bóyá á lọ, torí ooru á lọ, kòkòrò á dúró. Ẹ má tọ́jú ibà nílé. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì ra diclofenac, ibuprofen tàbí piroxicam ní kẹ́mísìtì. Bí methotrexate bá wà lára oògùn rẹ̀, àwọn oògùn ìrora wọ̀nyí, àti Septrin pẹ̀lú, kì í jẹ́ kí methotrexate tètè jáde lára, kíndìnrín ló máa gbà á sí. Ní ti oúnjẹ, kò sí èèwọ̀ ẹyin, ẹran tàbí ẹja. Ọmọ nílò wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iyán gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná dára. Ọbẹ̀ àná tí wọn kò sè kó hó, àti sàláàdì ojú títì, ìwọ̀nyẹn ni kí ẹ yẹra fún.

Lẹ́yìn kímò ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ìrora máa ń rọlẹ̀, kókó lè súnkì. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń kúrò ní wọ́ọ̀dù. Owó ti tán, ara ti tù ú, ẹnìkan sì ti sọ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé. A mọ̀ pé owó ìtọ́jú yìí wúwo, a kò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ètò adójútòfò ìlera yín àti òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ aláìsàn ní ilé ìwòsàn ohun tí wọ́n lè gbé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí owó bá tán. Kókó tí kímò fọwọ́ bà tí wọ́n sì fi sílẹ̀ máa ń padà, irúgbìn jẹjẹrẹ tó bá sì kù lẹ́yìn oògùn ni èyí tí agídí rẹ̀ pọ̀ jù.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń já sí gígé ẹsẹ̀. Bí kókó kò bá tíì wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti iṣan ara, dókítà lè yọ eegun tó bàjẹ́ kúrò, kí ó fi irin tàbí eegun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní gígé ló kù, kì í ṣe pé wọ́n ń jẹ ọmọ níyà. Ẹsẹ̀ tí wọ́n dá sí tí jẹjẹrẹ ṣì kù nínú rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn gígé, ẹ má ki ìrọ̀rí sábẹ́ kùkùté ẹsẹ̀. Ó máa ń tuni lára, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oríkèé ìbàdí tàbí orúnkún á ká síbẹ̀, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò sì ní ṣeé wọ̀ mọ́. Kí ọmọ máa dojú bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kí ó má jókòó sórí àga láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ó bá sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ń yún òun, tàbí ń dun òun, kì í ṣe iṣẹ́ ayé: iṣan ara ló ṣì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, oògùn sì wà fún un. Ọ̀pá tí wọ́n ń ki sábẹ́ abíyá kò gbọ́dọ̀ kan abíyá. Kí ìka méjì sí mẹ́ta lè wọ àárín wọn, àtẹ́lẹwọ́ ni kó gbé ìwúwo ara, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìlú olókè sì ni tiwa. Bó bá ń gun òkè, ẹsẹ̀ tó dára ni kó kọ́kọ́ gbé, kí ọ̀pá tẹ̀ lé e. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá ni kó ṣáájú. Kí ẹ máa wo rọ́bà ìdí ọ̀pá náà. Tó bá ti jẹ, ilẹ̀ tútù ìgbà òjò á gbé ọmọ ṣubú.

Ti àgbàlagbà yàtọ̀. Bí ẹni tó ti lé ní ọdún 50 bá ní jẹjẹrẹ nínú eegun, ibòmíràn ló ti sábà wá: prostate lára ọkùnrin, ọmú lára obìnrin, tàbí ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti ọrùn níbi tí gẹ̀gẹ̀ ń wà. Èyí wọ́pọ̀ ju àwọn mẹ́ta tí a kọ́kọ́ dárúkọ lọ fíìfíì. Baba tí ẹ̀yìn ń dùn fún oṣù mẹ́ta, tó ń jí tọ̀ ní ìgbà mẹ́rin lóru, PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate, ló yẹ kó ṣe, kì í ṣe ìdè ẹ̀yìn. Eegun tó bá dá nígbà tí ènìyàn kàn yíra lórí ibùsùn, kí wọ́n má kàn fi irin dè é kí wọ́n ní kó máa lọ ilé. Kí wọ́n wá ohun tó jẹ ẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tún kéré tí kíndìnrín sì ń ṣe ségesège, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún myeloma, jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú mùdùnmúdùn eegun.

Nǹkan méjì ni kì í dúró di ọ̀la lára àwọn wọ̀nyí. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, tí ìdí kú tipiri, tí ìtọ̀ kò jáde mọ́, kókó ti ń tẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn: wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní dexamethasone, kí wọ́n sì yàwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín wákàtí 24, torí ẹni tó bá ṣì ń rìn nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń rìn lọ. Èkejì ni òùngbẹ tí kò lọ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, inú kíkún tí ìgbẹ́ kò jáde, àti ọ̀rọ̀ tó ń dàrú: kálísíọ́ọ̀mù ló ti ya látinú eegun sínú ẹ̀jẹ̀. Omi dúrípù àti zoledronic acid ni wọ́n fi ń mú un wálẹ̀. Zoledronic acid yìí kan náà, 4 mg tí wọ́n fà sínú iṣan fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, máa ń dín dídá eegun kù. Kí wọ́n yẹ eyín wò ṣáájú, torí yíyọ eyín lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ kí eegun párì kú. Bí ojú kan bá ń dunni jù, ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 8 Gy, máa ń mú ìrora rọlẹ̀ bíi ti ìtànṣán tí wọ́n pín sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó ń ti Ìkọ̀lé lọ sí Ìbàdàn yẹ kó mọ̀ èyí, kó sì béèrè fún un.

Ẹ má bẹ̀rù morphine, oògùn ìrora tó lágbára. Olómi tó ṣeé mu ni, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni, kì í ṣe ìgbà tí igbe bá ta. Kì í sábà sọ aláìsàn tó ń jẹ̀rora di ajoògùnyó. Ó máa ń mú inú le, nítorí náà oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìbẹ́pẹ nìkan kò tó.

Ẹni tó bá parí ìtọ́jú ṣì ní láti máa padà wá, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n máa ya àyà rẹ̀, torí kókó kékeré tó bá yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró ṣì ṣeé gé kúrò bí wọ́n bá tètè rí i. Ẹ kó gbogbo fíìmù, CD àti èsì sínú àpò kan, kí ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ń pa. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ àpapọ̀ iye doxorubicin tí ọmọ ti gbà sínú ìwé yẹn. Oògùn yìí ní iye tí ara kò gbọ́dọ̀ gbà kọjá láyé rẹ̀, dókítà tó bá sì rí i ní ọdún mẹ́wàá sí i kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè fi mọ̀ ọ́n.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn eegun,
Adó-Èkìtì